Páálí Ìjọba

Kò sí ohun ọ̀fẹ́ tí Oyèrónkẹ́ rí tí kò gbà. Bí báńkì bá ń fún ènìyàn ní bírò, méjì ni yóò mú. Bí wọ́n bá ń pín àpò ìrajà níbi ìpàdé kan, yóò gba tirẹ̀, yóò sì bèèrè ti ọkọ rẹ̀ tí kò wá. N kò bú u. Ilé ta ni kò ti ní ike áísìkirimù tó jẹ́ pé ata lílọ̀ ló wà nínú ẹ̀? Ilé ta ni kò ní ọ̀rá ńlá kan lábẹ́ síǹkì tó kún fún ọ̀rá kéékèèké? Àwa la mọ ara wa. Ṣùgbọ́n ti Oyèrónkẹ́ kọjá ti ike áísìkirimù, nítorí pé ohun tí òun ń kó wálé, ti ìjọba ni.

Páálí ni. Ẹni tó bá ti wọ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Amẹ́ríkà rí ti rí i: funfun, pẹ̀lú àmì pupa àti búlúù lára, wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pé kí ẹni tó bá fẹ́ máa mú. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. O tilẹ̀ lè jókòó sílé kí o fi íńtánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, kí wọ́n kó o wá bá ọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí tó fi jẹ́ ọ̀fẹ́ ni pé ẹni tó bá fi ẹrù sínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ san owó ìfìránṣẹ́ tó yá, ìyẹn èyí tó wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí owó páálí wọn padà. Oyèrónkẹ́ gba páálí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ san owó tó wọ́n. Bàtà tó ti lo ọdún mẹ́wàá láyé, ó ní, kí ló tún ń kánjú lọ ṣe?

Òwò bàtà ló ń ṣe. Ọkọ rẹ̀, Ọláníyọnu, ń wa ọkọ̀ àjàgbé, kì í sábà sí nílé. Lọ́jọ́ Sátidé, Oyèrónkẹ́ á kúrò nílé wọn ní Loganville, ní Georgia, á lọ sí àwọn ilé ìtajà àlòkù ní Snellville títí dé Clarkston, á ṣa bàtà tí awọ rẹ̀ ṣì dára. Á fọ̀ ọ́, á kun ún ní pólíìṣì, á ya fọ́tò rẹ̀, á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bàtà tí òyìnbó Georgia ti jù nù, òyìnbó Ohio á sáré rà á. Nígbà tí a wà nílé, àwa là ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa bọ́síkọ̀nà wọn. Ní báyìí ọ̀kan nínú wa ti lọ jókòó sí orísun ẹ̀, ó ń tà á fún wọn padà. Inú mi máa ń dùn sí i, n kò ní parọ́.

Tí bàtà bá ti tà, á mú páálí ìjọba kan, á tú u palẹ̀, á yí inú rẹ̀ síta, á sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ padà. Gbogbo àmì pupa àti búlúù á wọ inú lọ, ìta á wá di páálí lásán tí kò ní bàbá. Nígbà náà ni á san owó ìfìránṣẹ́ tó kéré jù, tó sì ń falẹ̀ jù. Òun kọ́ ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Àwọn tó ń tajà bíi tirẹ̀ ló kọ́ ọ, wọ́n sì pọ̀ bí yanrìn. Èyí tó bá ṣẹ́kù kì í ṣòfò. Ẹ̀wà wà nínú páálí ìjọba nílé Oyèrónkẹ́, èlùbọ́ wà nínú ẹ̀, ìwé Praise ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Lọ́dún Kérésìmesì kan, òun ló fi di ẹ̀bùn fún gbogbo ọmọdé ṣọ́ọ̀ṣì wa. A gbàdúrà fún un níwájú ìjọ.

Ìyá rẹ̀ wà ní Ìkirè. Oyèrónkẹ́ nìkan ni ọmọ tó kù fún wọn láyé. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn gbé ti relé ọkọ, àwọn aládùúgbò ló ń gbé oúnjẹ wá nígbà tí wọ́n bá rántí. Lọ́dún tó kọjá, ìyá ṣubú sí balùwẹ̀, wọ́n sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí tí ẹni tó gbé ẹ̀kọ wá fi gbọ́ ohùn wọn. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú Oyèrónkẹ́. Ẹni tó bá ní káàdì ìgbélùú lásán kò lè ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà. Àfi ẹni tó bá ti di ọmọ onílùú. Ó ti lé ní ọdún mélòó kan tí ó tó sí i láti bèèrè, ẹ̀rù ìdánwò ni kò jẹ́ kó ṣe é. Ìṣubú ìyá ló lé ẹ̀rù náà lọ. Ó bèèrè, wọ́n sì dá ọjọ́ fún un pé kí ó wá dáhùn ìbéèrè lójúkojú.

Èmi ni mo ń bá a fi ìdánwò dánra wò. Nọ́ọ̀sì ni mí, Snellville ni mò ń gbé, mo sì ti ṣe tèmi tipẹ́. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tábìlì bí òyìnbó, mo fa ojú ro, mò ń bi í léèrè. Ta ni ààrẹ àkọ́kọ́? Ilé aṣòfin mélòó ló wà? Ó mọ gbogbo ẹ̀ bí orin. Lẹ́yìn náà mo bọ́ sórí àwọn ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń fi rárá dáhùn.

"Ṣé o ti ṣe ohun tó lòdì sófin rí, tí wọn kò mú ọ?"

"Rárá, sà."

"Má pè mí ní sà, obìnrin lè jókòó síbẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Ó rọrùn báyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Clara dé. Kì í ṣe pé ó dé sílé ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan ní Ohio ni, ó ra bàtà aláwọ̀ kọfí kan lọ́wọ́ Oyèrónkẹ́. Bàtà náà wù ú. Ó wá rí i pé páálí náà lágbára, òun náà fẹ́ tún un lò, ẹ ò rí i pé ará kan náà ni gbogbo wa. Ó tú u palẹ̀, ó sì rí ohun tó wà nínú. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń fi pẹ̀lẹ́ gún ènìyàn lọ́bẹ: ó ní bàtà náà dára púpọ̀, òun dúpẹ́, òun kàn rò pé ó yẹ kí Oyèrónkẹ́ mọ ohun tí wọ́n kọ sára páálí náà.

Oyèrónkẹ́ wá bá mi nílé pẹ̀lú páálí kan lábẹ́ apá.

"Aunty Fẹ́yìsayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ibí yìí. Ẹ kà á sókè."

Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni. Mo lọ mú gíláàsì mi. Wọ́n kọ ọ́ pé ohun ìní ìjọba ni páálí yìí, pé ìfìránṣẹ́ tó yá nìkan ni wọ́n ṣe é fún, pé ẹni tó bá lò ó fún ohun mìíràn lè ti rú òfin ìjọba àpapọ̀.

"Federal law," ni Oyèrónkẹ́ wí. "Ṣé federal tí mo mọ̀ náà nìyẹn?"

"Òun náà ni."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn mi. Láti ìgbà tí Praise ti wà ní elementary school ló ti ń lo páálí yìí, kò kà á rí. Ta ní ń ka páálí? Praise ti wà ní high school báyìí.

"Aunty, wọ́n máa bi mí ní ever."

"Ever wo?"

"Have you ever. Ever yẹn ni 'rí' tiwa. Tí wọ́n bá sọ pé ṣé o ti ṣe é rí, wọn ò bèèrè ti ọdún yìí o, wọn ò bèèrè ti èṣí. 'Rí' ò níbi tó ń parí sí, Aunty. Ó ká gbogbo ayé èèyàn."

"Oyèrónkẹ́, páálí ni."

"Páálí federal ni."

Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń wá a. Mo sọ fún un pé tí wọ́n bá fẹ́ kó gbogbo ẹni tó ti yí páálí yẹn padà lẹ́wọ̀n, ẹ̀wọ̀n Georgia kò ní gbà wọ́n. Kò gbọ́. Lọ́jọ́ Sunday, mo mú un lọ bá Uncle Akín, lọ́yà ìjọ wa, níbi tó ti ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn.

"Mummy Praise, ṣé wọ́n mú yín?" ni Uncle Akín bi í. "Did anybody charge you? No. Àti pé ẹ wò ó dáadáa, 'may be' ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kọ 'is'. The answer is no, finish. Ẹ má lọ fi ẹnu ara yín kó bá ara yín o."

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀, àmọ́ àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni pásítọ̀ ti wàásù lórí àtúnṣe. Ó ní ohunkóhun tí o bá mú tí kì í ṣe tìrẹ, dá a padà kí ọ̀run tó gbọ́ tìrẹ. Kì í ṣe páálí ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn tó ń kó ìbọ̀wọ́ ọsibítù wálé ló ń bá wí, torí ìdajì akọrin wa ló ń ṣiṣẹ́ ọsibítù, gbogbo wọn sì tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ó mẹ́nu ba Sákéù tó dá ohun tó fi ẹ̀sùn èké gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Níbi tí a ti ń ti ọ̀dọ̀ lọ́yà bọ̀, Oyèrónkẹ́ dúró láàárín ọgbà ìgbọ́kọ̀sí, ó sì bi mí léèrè.

"Aunty, ìlọ́po mẹ́rin ọ̀fẹ́, èló ni?"

Ó lọ sílé, ó da ẹ̀wà jáde, ó da èlùbọ́ jáde, ó kó ìwé Praise sílẹ̀. Praise ń kùn pé, "Mummy, it's literally a box." Oyèrónkẹ́ ń kó páálí jọ. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ mi wá torí tirẹ̀ kò lè gbà wọ́n, a sì kó páálí ìjọba padà lọ fún ìjọba. Mo mọ̀ pé àṣejù ni. Mo tẹ̀ lé e torí mo rò pé, bó bá ti ṣe é tán, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á lọ sọ rárá tirẹ̀ bíi ti gbogbo ayé, ìyá rẹ̀ á sì wá.

Obìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ń jẹ́ Bridget, ó wà lára báàjì rẹ̀. Oyèrónkẹ́ dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí nínú ìjọ. Ó fi òyìnbó ṣọ́ọ̀ṣì ṣàlàyé: orúkọ òun rèé, òun ti ṣi ohun ìní ìjọba lò, òun ti ronú pìwà dà, òun sì kó o padà wá. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í mí kanlẹ̀.

"Ma'am," ni Bridget wí, "they're free."

"Yes. But I used them wrongly."

"But they're free."

Wọ́n sọ ọ́ síra wọn bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Free ti Bridget ni pé kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ti Oyèrónkẹ́, láti ìgbà tó ti ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ yẹn, ti di ohun tó ní ẹni tó ni ín. Bridget gbé páálí kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Èlùbọ́. Ó gba àwọn tí a kò tíì lò, ó ní kí a lọ da ìyókù sínú ike ìdọ̀tí tí wọ́n ń kó páálí sí.

"You're good, ma'am. Next!"

Nígbà tí a dé ìta, mo ní, "Ṣé o gbọ́? Ó ní you're good. Ó ti tán nìyẹn."

"Aunty, ẹni tó kàn ló ń pè."

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn, ohun tí àwọn ará ibí fi ń lé ènìyàn kúrò níwájú káńtà ni. Kò sí ìdáríjì kankan nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, mo sì gbà pé a ti borí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, èmi ni mo gbé e lọ sí Atlanta, torí kì í wakọ̀ lórí ọ̀nà márosẹ̀ 78. Bí a ṣe kọjá Stone Mountain, ó ń ka orúkọ àwọn odò àti àwọn ogun wọn sẹ́nu. Mo jókòó sí ìsàlẹ̀ dè é láàárín àwọn ọkọ àti ìyàwó tó wá fún ìbéèrè tiwọn, tí wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ síbi ìgbéyàwó ẹlòmíràn. Nígbà tó jáde, kò sáré, kò sì rọra rìn.

"Ṣé o yege?"

"Mo yege gbogbo ìdánwò."

"Wọ́n wá fún ọ?"

"Wọn ò fún mi."

Inú ọkọ̀ ló ti sọ ọ́ fún mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló bi í léèrè, onírùngbọ̀n, ó ní sùúrù. Ó ní kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kí ó búra. Ó bi í ní ìtàn, ó bi í ní òfin, ó ní kí ó kọ gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ àwọn ìbéèrè rárá. Ṣé ó ti bá wọn gbìmọ̀ dìtẹ̀ rí? Rárá. Ṣé ó ti jẹ́ ọmọ ogun ibi báyìí rí? Rárá. Wọ́n wá dé orí ti ohun tó lòdì sófin, tí wọn kò mú un.

"Aunty, rárá ti wà lẹ́nu mi. Mo ti la ẹnu. Àmọ́ ọwọ́ tí mo gbé sókè, ó ń ṣe mí bíi pé kò tíì sọ̀ kalẹ̀."

Ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọkùnrin náà dáwọ́ kọ̀ǹpútà títẹ̀ dúró, ó bi í pé kí ni. Ó sọ ti páálí fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú Clara, pẹ̀lú Bridget. Oyèrónkẹ́ ní bó bá jẹ́ pé ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín ni, ọkàn òun ìbá balẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jáde lọ bi ọ̀gá rẹ̀, ó sì padà wá sọ pé àwọn kò lè ṣe ìpinnu lónìí, ẹni tó ga ju òun lọ ní láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Oyèrónkẹ́ bi í pé báwo ni yóò ti pẹ́ tó. Ó ní òun kò mọ̀, ó lè jẹ́ oṣù, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo bínú.

"Ìyá ẹ wà níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń fara ra nílẹ̀ balùwẹ̀, o wá jókòó níwájú òyìnbó, ò ń ròyìn páálí! Ṣé ìwọ nìkan lo mọ Ọlọ́run ni? Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, Oyèrónkẹ́! Oníṣòwò ni ẹ́, ṣé o ò mọ̀?"

"Ẹ má bínú, Aunty."

"Mo ń bínú!"

"Màámi ni mo fẹ́ fi ìwé yẹn gbé wá. Tí mo bá fi irọ́ gbé wọn wọlé, ojú wo ni mo máa fi máa wò wọ́n nídìí oúnjẹ?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára létí, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó dára létí kò gbé ẹnikẹ́ni dìde nílẹ̀ balùwẹ̀. Mo bọ́ sórí 78, mo ń wa ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá ni. Ó fi sí gbangba kí èmi náà lè kí wọn, mo sì kí wọn, mo dẹ ohùn mi.

"Oyèrónkẹ́, Àjíkẹ́ mi, ṣé wọ́n ti ṣe é?"

"Màámi, wọn ò tíì ṣe é."

Ó sọ ọ́ fún wọn. Kò fi nǹkan kan pamọ́, kò sì gùn. Ó ní ìjọba ń fún èèyàn ní páálí lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n fi ń fi ẹrù ránṣẹ́ kíá, tó sì wọ́n. Ó ní òun gba páálí náà, òun wá ń san owó èyí tó ń falẹ̀. Wọ́n bi òun, òun sì jẹ́wọ́. Nítorí ìyẹn, àwọn ní láti dúró sí i.

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

"Páálí?" ni ìyá wí.

"Páálí ni, Màámi."

"Tí wọ́n fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n bi ọ́, o sì sọ òótọ́."

"Mo sọ ọ́, mà."

"O káre."

Mo gbọ́ ohùn àkùkọ kan lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n tún máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yí padà, ẹ̀fẹ̀ ti wọ inú rẹ̀, bí àgbàlagbà tó fẹ́ pa ọmọ lẹ́kún.

"Àjíkẹ́. Páálí yẹn, báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Màámi?"

"Mo ní, báwo ló ṣe tóbi tó? Mo ti rù báyìí o. Tí wọ́n bá pẹ́ jù, kí o fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Mo máa ká ẹsẹ̀ mi kò, mo máa wọ inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n má fi èyí tó ń falẹ̀ gbé mi o. Èyí tó yá yẹn ni kí o san fún mi."

Oyèrónkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu itan, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà yí padà lẹ́nu rẹ̀, ó sì dojú bo eékún ara rẹ̀. Mo ya ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo pa á, torí n kò ríran mọ́. Ìyá ṣì wà lórí fóònù, wọ́n ń pè wá, wọ́n ń bèèrè bóyá a ṣì ń gbọ́ wọn.